Wáìnì Ẹ̀yìnkùlé àti Imú Àbúrò Mi

Àbúrò mi kì í jókòó. Mo mọ̀ pé ọmọdé tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ni wọ́n sábà ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mò ń sọ yìí. Ó ń jẹun lórí ìdúró. Ó ń ka lẹ́tà lórí ìrìn. Tí ẹ bá fún un ní àga, ẹsẹ̀ kan ni yóò gbé lé e, yóò sì máa wo ojú títì. Ẹsẹ̀-Ò-Sinmi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ má rò pé mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo sì mọ iye iṣẹ́ tó ti dáwọ́ lé tó fi sílẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ dára, ìdí rẹ̀ ni kò gbé orí àga. Ó ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan, ó sì fi oṣù méjì gbáko rìn yí tábìlì ká. Ó ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan fún ọdún kan. Olè kankan ò wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ a máa rìn gba ẹnu ọ̀nà jáde, a sì gbàgbé láti padà. Wọ́n ní kó máa lọ.

Èmi ní ilé oúnjẹ, tábìlì méjìlá, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Àwọn tó ṣíwọ́ iṣẹ́ àti àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ni oníbàárà mi. Wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n sì fẹ́ ife wáìnì kan tí kò ní dá wọn ní gbèsè. Wáìnì inú ṣọ́ọ̀bù ńlá kọ́ o. Owó ìgò ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀, kì í ṣe owó ohun tó wà nínú ìgò.

Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, mo rán an lọ gbé àga mẹ́jọ wá láti ìlú kan tó wà lórí òkè. Àga mẹ́fà ló gbé dé. Ibi tó yẹ kí méjì tó kù wà nínú ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì wáìnì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo ti la ẹnu láti bú u nígbà tó bu ife kan fún mi. Mo mu ún. Mo pa ẹnu mi dé. Ìgbà tí mo máa ń pa ẹnu dé kò pọ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Níbo lo ti rí èyí?” mo bi í.

“Nílé káfíńtà tó kan àga. Wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bu òkèlè. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni àjàrà náà wà, Àǹtí mi. Àwọn fúnra wọn ló ń fún un, àwọn fúnra wọn ló ń mu ún. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tà fún ará àdúgbò.”

“Èló?”

Ó sọ iye rẹ̀ fún mi. Mo ní kó tún un sọ.

Ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rí iṣẹ́ tó ń wá. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń wà lọ́nà. Kì í wọ ṣọ́ọ̀bù, kì í wo ìgò tí wọ́n ya àwòrán ilé alárinrin sí lára. Tó bá dé ìlú kan, yóò gbé ọkọ̀ sílẹ̀, yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, yóò máa yọ ojú wo ẹ̀yìn ọgbà. Ibi tó bá ti rí àjàrà tó fà mọ́ irin, ibẹ̀ ni yóò ti kan ilẹ̀kùn. Kì í kọ́kọ́ béèrè owó. Kì í sì ní kí wọ́n gbé èyí tó dára jù lọ wá, torí èyí tó dára jù lọ lẹ́nu ọlọ́jà ni èyí tí ọlọ́jà fẹ́ kó tètè tán. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: “Èwo lẹ̀yin fúnra yín ń mu lọ́sàn-án?” Nígbà náà ni yóò tó gbé ife sí imú. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa imú náà. Ó lè gbọ́ ọ lára wáìnì bóyá omi gbígbóná ni wọ́n fi fọ àgbá rẹ̀ tàbí wọ́n kàn fi àkísà nù ún.

Tó bá rà á, yóò ya sẹ́lótéèpù, yóò kọ ibi tó ti rí i sí kẹ́ẹ̀gì lára. Ilé Káfíńtà. Ẹ̀yìn Afárá. Obìnrin Ajá Mẹ́ta. Àwọn oníbàárà mi kì í béèrè pupa tàbí funfun. “Ìyá Olóúnjẹ, ẹ bu Ajá Mẹ́ta wá” ni wọ́n ń wí, àlejò tó bá wà níbẹ̀ a sì dìde sá kúrò ní ìdí tábìlì.

Ọdún tó kọjá ni ibà kan dá a wólẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ilé mi ló dùbúlẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, yàrá tó sì ń gbé kò ní ju bẹ́ẹ̀dì àti ìṣó tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá ó dìde, ó wọ bàtà, ó jáde. A dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ibà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, gbé ife sẹ́nu tó sì tu gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ níwájú èrò.

“Ìyá Olóúnjẹ,” ó wí, “kẹrosíìnì lẹ fún mi yìí.”

Mo gbé e sí imú. Kẹrosíìnì ni. Wọ́n ti fi kẹ́ẹ̀gì náà ra kẹrosíìnì rí kí wọ́n tó rọ wáìnì sí i, ẹni tó sì fọ̀ ọ́ kàn ṣan ọwọ́ rẹ̀ lásán ni. Nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tí àbúrò mi kó dé lọ́sẹ̀ yẹn, mẹ́ta ló rí bẹ́ẹ̀. Mo bú u gidigidi. Ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n tábìlì mẹ́rin ló ṣófo lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá onítíkẹ́ẹ̀tì sì ń gba òdìkejì títì kọjá.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, mo ti ọjà dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Àtẹnu ọ̀nà ni òórùn gáàsì ti gbá mi nímú. Mo ju àpò ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sáré wọ ilé ìdáná. Àbúrò mi ni mo bá níbẹ̀. Ó dúró ti sítóòfù, ó ń súfèé, ó ń tú àpò rẹ̀ wá ìṣáná kó lè se tíì.

Mo gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe fà á yọ. Mo pa gáàsì, mo ṣí gbogbo fèrèsé. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tó wo ojú mi dáadáa, ó yára ní, “Bẹ́ẹ̀ ni o, òórùn yẹn ti ń pọ̀.” Mo rí i pé kò gbọ́ òórùn kankan. Mo jókòó sórí àpò àlùbọ́sà.

N kò bá a wí. Mo kàn ní, “Lọ́jọ́ Ajé, mò ń bá ẹ lọ.”

“Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bì nínú ọkọ̀?”

“Màá mú ọ̀rá dání.”

Aago márùn-ún àárọ̀ la kúrò nílé; ọmọbìnrin tó ń bá mi se oúnjẹ ló ṣí ilé oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ìlú mẹ́ta la ní lọ́kàn. Ó ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń lé wa. Ó ṣí fèrèsé, ó tì í, ó tún ṣí i. A dé oríta kan, ó gba apá ọ̀tún, ó yí padà, ó gba apá òsì, ó ní òun ò gba ibẹ̀ láti ọdún tó kọjá, òun fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Mo ti lo ọ̀rá méjì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Tíṣà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Inú gáráàjì ló ti ń ta wáìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó bu èyí tó ń mu lọ́sàn-án. Àbúrò mi gbé ife sí imú, ó pa ojú dé, ó mí kanlẹ̀, ó mi orí. Ó ṣe é dáadáa. Bí kì í bá ṣe ìṣáná ọjọ́ Ẹtì, ǹ bá gbà pé ó gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì rí i pé ojú kan kò dé tán. Ọwọ́ tíṣà ló fi ń wò. Tíṣà bu tirẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà, ó gbé e mu láì tiẹ̀ ronú sí i. Ìgbà náà ni àbúrò mi tó ní ó dára.

Ó sì dára lóòótọ́. Ó ń ta sánsán, ó mọ́ lẹ́nu, owó rẹ̀ kò sì tó owó búrẹ́dì méjì. Mo mu ún, inú mi sì bàjẹ́. Oṣù mẹ́rìnlá. Ojoojúmọ́ la jọ ń jẹun, mo ń sọ fún un pé ọbẹ̀ òní ń ta sánsán, ó ń dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bínú sí i, mo sì bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìlú kejì, bákan náà ló ṣe. Nígbà tí a padà sí ojú ọ̀nà, n kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Láti ìgbà wo ni imú rẹ ti kú?”

Ó wakọ̀ lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ń rìn lọ títí tó fi jẹ́ pé fìlà rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mo dúró dè é. Nígbà tó padà dé, kò wọlé. Ìta ló dúró sí, ó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

“Láti ìgbà ibà náà,” ó wí. “Ahọ́n mi ń ṣiṣẹ́. Mo mọ ohun tó kan, mo mọ ohun tó korò. Òórùn nìkan ni kò sí. Mo ti gbé àlùbọ́sà sí i, mo ti gbé ọṣẹ sí i. Mo gbé aṣọ tí ìyàwó mi wọ̀ kẹ́yìn sí i, èyí tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀. Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Tí mo bá sọ, ẹ ó ní kí n wá jókòó.”

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

“Ẹ rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kán,” ó wí. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi níbi tí mo ti ń forí gbá ògiri. Ẹ má mú mi jókòó, mo bẹ̀ yín.”

Bẹ́ẹ̀ tábìlì mẹ́rin ṣófo nílé, oúnjẹ mi ló sì ń bọ́ èmi àti òun. Mo ronú sí i, mo sì sọ ibi tí mo fìdí kalẹ̀ sí. Ilé kan ló kù. N kò ní ràn án lọ́wọ́. Tó bá yan wáìnì tó dára, ọ̀rọ̀ náà á kú sáàárín wa, á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Tó bá yan èyí tí kò dára, kó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun gbà. Ó tètè gbà jù fún mi.

Onígbàjámọ̀ kan tó ti darúgbó ló ni ilé kẹta. Àbúrò mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, ẹni tó ń ta epo ọkọ̀ ló júwe rẹ̀ fún wa, ó ní kò sí ẹni tí wáìnì rẹ̀ pọ́ọ́kú tó tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Àgbàlá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin nìkan ló wà lórí okùn ìsáṣọ. Inú bàbá náà dùn láti rí wa ju bí inú ọlọ́jà ṣe ń dùn lọ. Ó nu àga méjì, ó gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, ó bu díẹ̀ díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta fún wa.

Mo gbọ́ òórùn àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Èkejì dára gan-an. Ẹ̀kẹta ń rùn. Ó ń rùn bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wo ilẹ̀ kí ojú mi má bàa sọ nǹkan.

“Bàbá,” àbúrò mi wí, “èwo lẹ̀yin fúnra yín ń mu lọ́sàn-án?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta. Kò parọ́ o. Ó rọ ọ́ kún ife tirẹ̀, ó mu ún dé ìsàlẹ̀, ó sì nu ẹnu.

Àbúrò mi mú ẹ̀kẹta, ó pa ojú dé, ó mí kanlẹ̀. “Èyí ni a ó rà,” ó wí. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ó sì rí i.

“Ó ń rùn,” mo wí. N kò rò ó kó tó jáde lẹ́nu mi.

“Kí ló ń rùn?” Bàbá onígbàjámọ̀ ló bi mí.

“Wáìnì yìí ni, bàbá. Ẹ má bínú. Àgbá rẹ̀ ti bu.”

Ó gba ife náà, ó gbé e sí imú, ó tún gbé e sí i. “N kò gbọ́ nǹkan kan,” ó wí. Ó rọra jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tó nù fún wa. “Ìyàwó mi ló máa ń bá mi gbọ́ ọ. Láti inú yàrá ló ti máa ń mọ̀ tí àgbá kan bá fẹ́ bàjẹ́. Ó kú nígbà ìkórè tó kọjá.” Ó gbé ife náà sílẹ̀. “Àwọn ará àdúgbò máa ń wá rà á tẹ́lẹ̀. Wọn ò wá mọ́. Wọ́n ń kí mi lójú títì, wọ́n ń béèrè àlàáfíà mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.”

Àbúrò mi jókòó tì í. Mo ní ó jókòó, ìdí rẹ̀ kan àga. “Èmi náà, bàbá,” ó wí. “Imú tèmi náà ti kú. Ẹ̀ẹ̀kíní tí mo máa sọ ọ́ fún àjèjì rèé.”

Ilé bàbá náà la wà títí di ìrọ̀lẹ́. A da ẹ̀kẹta nù. A gbé omi kaná, a fọ àgbá, a ha inú rẹ̀, mo ní kí bàbá ra kẹ́ẹ̀gì tuntun, kó má sì rọ nǹkan kan sí i kó tó sá a sóòrùn. Àwọn méjèèjì ń gbé àgbá, èmi ni mò ń ti orí bọ inú rẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, àbúrò mi na kọ́kọ́rọ́ sí mi kí n tó béèrè.

“Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ nìyẹn,” ó wí.

Mo gbà á. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu, n kò sì lè pọ́n ọn lá. Èmi ni mo wakọ̀ dé ilé, mo ń rọra wà á, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè lé mi lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún, kò tilẹ̀ ṣí fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà ní ilé oúnjẹ mi. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ó ń bó àlùbọ́sà, ó ń nu ṣíbí tí mo ti nù. Ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń dìde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Oníbàárà ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń kí Ẹsẹ̀-Ò-Sinmi, ó ń dáhùn láì gbé orí. Wáìnì ṣọ́ọ̀bù ńlá ni mò ń tà. Ọ̀gá onítíkẹ́ẹ̀tì padà wá, ó tọ́ ọ wò, ó ní òun fẹ́ Ajá Mẹ́ta, mo ní kò sí. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń pariwo pé kí ọmọ yìí jókòó jẹ́ẹ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́, mo sì rí i pé n kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kẹta, mo kọ ọ́ sórí páálí pé A Ò ṢÍ LÓNÌÍ, mo gbé e kọ́ ilẹ̀kùn. Ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, n kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sínú abọ́ àlùbọ́sà tó wà níwájú rẹ̀.

“Dìde,” mo wí.

“Níbo là ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ bàbá yẹn. Ta lo rò pé ó máa bá a gbọ́ òórùn kẹ́ẹ̀gì tuntun?”

Kí n tó ti ilẹ̀kùn tán, ó ti wà nídìí ọkọ̀, ó ti tan án. Ní kọ́nà àkọ́kọ́ ni mo ti wá ọ̀rá, mo sì sọ fún un pé irú ọjọ́ Ajé báyìí ló máa pa mí. Ó ní kí n máa wo iwájú. Ó ṣí fèrèsé.

Bàbá onígbàjámọ̀ ti dúró sẹ́nu géètì, bí ẹni pé a ti ṣe àdéhùn. Kẹ́ẹ̀gì tuntun mẹ́rin ló tò sórí bẹ́ǹṣì. Ìdérí wọn ṣì wà bó ṣe dé e, kò tíì kan ọ̀kankan.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, omi ni mò ń mu,” ó wí. “Mo ní kí n dúró dè yín.”

Ó ṣí àkọ́kọ́, ó bu ú. Kò na ife náà sí àbúrò mi. Èmi ló nà á sí, àwọn méjèèjì sì dúró síwájú mi, wọ́n ń wo ojú mi. Mo gbọ́ ọ. Mo tún un gbọ́, torí pé mi ò fẹ́ ṣì í. Èso àjàrà ni, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀.

“Ẹ máa mu,” mo wí.